Àga Alága Títí Láé

Bí ẹ bá rí ọkùnrin kan tó ń wúkọ́ kí wọ́n tó pè é sọ̀rọ̀, tó sì ń nu àga kí àga tó ní eruku, ẹ kí i dáadáa. Alága Títí Láé nìyẹn, Ajókòó-má-dìde, Arí-àga-má-lè-kọjá. Ọ̀dà ló ń tà ní ṣọ́ọ̀bù, ṣùgbọ́n ipò ló ń rà káàkiri. Òun ni alága àwọn onílé, òun ni alága àwọn ọlọ́dà, òun náà ni alága ìgbìmọ̀ tó ń wá alága. Àwa la fi orúkọ yẹn ṣe é ní yẹ̀yẹ́. Nígbà tó gbọ́, inú rẹ̀ dùn, ó ní kí wọ́n kọ ọ́ sára mọ́tò òun.

Ẹgbẹ́ àwọn ọmọbìnrin àdúgbò wa nìkan ló kù tí kò tíì jẹ alága rẹ̀. Èmi àti òun jọ wà nínú ìgbìmọ̀ tó ń darí rẹ̀ ni. Iṣẹ́ ọ̀fẹ́ ni, ẹnikẹ́ni kì í gba kọ́bọ̀ níbẹ̀. Lọ́jọ́ Sátidé tí a bá ń kọ́ àwọn ọmọ níṣẹ́, ẹ ò ní rí Alága. Ọjọ́ tí onífọ́tò bá ń bọ̀ ni í wá, á sì ti dé ṣáájú onífọ́tò.

Ẹgbẹ́ náà ní àṣà kan: àwọn ọmọ fúnra wọn ní í yan alága ìgbìmọ̀. Àwọn tó ń du ipò á jókòó síwájú, wọ́n á kọjú sí èrò, wọ́n á sọ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe. Àwọn ọmọ á bọ́ bàtà kí ìrìn wọn má baà dún, wọ́n á dúró sẹ́yìn ẹni tó wù wọ́n, wọ́n sì lè yí ọkàn padà títí agogo á fi dún. Nígbà náà ni wọ́n á gbé ọwọ́ lé e léjìká. Ẹni tó ń du ipò kò gbọdọ̀ wẹ̀yìn, èrò kò sì gbọdọ̀ ta á lólobó.

Àpótí ìjókòó lásán la máa ń lò. Alága ní kò bá òun mu. Ó lọ ṣe àga tirẹ̀, aláwọ̀ wúrà, ẹ̀yìn rẹ̀ ga ju orí ẹni tó dúró lọ. Kò gba ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn, nítorí náà àwọn tó kàn án kó o wọlé ní ẹyọ ẹyọ, wọ́n tò ó pọ̀, wọ́n fi sípánà dè é pinpin, wọ́n bá tiwọn lọ.

“Ẹ̀gbọ́n, báwo la ó ṣe gbé èyí jáde?” Nọ́ọ̀sì kan nínú ìgbìmọ̀ wa ló béèrè, òun àti Alága ni wọ́n jọ ń du ipò. Kì í pa Sátidé kankan jẹ.

“Gbé e jáde lọ síbo? Ibi tí mo bá jókòó sí, ibẹ̀ ni mò ń gbé.”

Ọmọ àbúrò Alága wà nínú ẹgbẹ́. Aránṣọ ni ìyá rẹ̀, tábìlì tó fi ń gé aṣọ sì ti yarọ. Ọmọ náà ń kan tuntun fún un ní yàrá iṣẹ́ igi wa, ẹsẹ̀ kan ló kù. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti ń sọ pé Alága fẹ́ gba yàrá náà. Bàbá ló máa ń pe Alága; ó ní irọ́ ni, bàbá òun kò jẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ pé. Alága ti pín fìlà tó ní àwòrán ojú rẹ̀ fún àwọn ọmọ, kò sì sí ọmọ tí í kọ fìlà tuntun. Nígbà tí wọ́n dìde, ẹ̀yìn rẹ̀ ni púpọ̀ wọn tò sí. Wọ́n pọ̀ débi pé ó gbọ́ bí wọ́n ṣe ń rọ́ wá, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó wúkọ́.

“Ẹ̀yin ọmọ mi, orí tí yóò jẹ́ alága, láti inú ìyá rẹ̀ ló ti ń wá tìmùtìmù. Tí mo bá wọlé, a ó kọ orúkọ mi sára ògiri yìí, nínú àti lóde.”

Àwọn kan bọ́ fìlà, wọ́n rọra gbé e sílẹ̀, wọ́n yọ́ lọ sẹ́yìn Nọ́ọ̀sì.

“Ní Sátidé, ẹ ó máa tò síta láti kí mi káàbọ̀.”

Àwọn mìíràn tún yọ́ lọ. Èrò bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ bo ẹnu. Alága rò pé ọ̀rọ̀ òun ló ń wọ̀ wọ́n lára, ló bá gbóhùn sókè.

“Yàrá igi yẹn, ọ́fíìsì alága ni màá fi ṣe. Kí ni ọmọbìnrin fẹ́ fi ayùn àti sípánà ṣe? Gbogbo pákó tó wà níbẹ̀, a ó fi dáná.”

Ọmọ àbúrò rẹ̀ nìkan ló ṣẹ́kù lẹ́yìn rẹ̀. Kò kọ́kọ́ mira. Ó tẹjú mọ́ ẹ̀yìn àga yẹn, ó sì dùn mí gan-an láti rí i. Lẹ́yìn náà ó bọ́ fìlà tirẹ̀, ó gbé e lé àwọn yòókù, ó lọ.

Agogo dún. Alága di ojú, ó ń retí ọwọ́ léjìká. Ọwọ́ kò dé.

“Ẹ̀yìn àga yìí ló ga jù, ọwọ́ yín ò tó mi. Kò burú. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀yin tí ẹ kún ẹ̀yìn mi báyìí. Onífọ́tò, ó yá, ya èmi àti àwọn ọmọ mi.”

Onífọ́tò yọjú lẹ́yìn ẹ̀rọ rẹ̀. “Alága, ẹ̀yin àti ta ni?”

Ìgbà yẹn ló wẹ̀yìn. Òkìtì fìlà ló rí nílẹ̀, ojú ara rẹ̀ sì ń rẹ́rìn-ín sí i lórí gbogbo wọn. Gbọ̀ngàn dàrú fún ẹ̀rín. Àṣejù, baba àṣetẹ́.

“Mò ń lọ,” ló wí, “àga mi náà ń lọ.”

Ó wọ́ ọ dé ẹnu ọ̀nà. Ó tì í, ó fà á, ó dà á sí ẹ̀gbẹ́, kò gbà. Ó pe àwọn tó kàn án, wọn ò gbé fóònù. Òógùn bò ó. Ó yíjú sí ọmọ àbúrò rẹ̀, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀.

“Ọmọ mi, ẹ ní sípánà, àbí?”

“A ní, Bàbá. Ó wà ní ọ́fíìsì alága.”

Alága tuntun, Nọ́ọ̀sì, ní kí wọ́n lọ mú un wá. Àwọn ọmọbìnrin tú àga náà kí ẹ̀rín wa tó tán. Bí Títí Láé ṣe ru ẹ̀yìn àga lérí, tó há ìyókù mọ́ abíyá, gbogbo ẹni tó pàdé lójú títì ló ń kí i: “Alága, ẹ kú ìjókòó o.”

Ẹsẹ̀ àga kan ló gbàgbé. A ránṣẹ́ sí i, ó ní òun ò mọ àga kankan níbẹ̀. Ọmọ àbúrò rẹ̀ fi ayùn gé e, ó dọ́gba pẹ̀lú àwọn ẹsẹ̀ tábìlì tirẹ̀. Tí ẹ bá dé ṣọ́ọ̀bù aránṣọ yẹn, ẹ bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ tábìlì rẹ̀. Ẹsẹ̀ mẹ́ta jẹ́ pákó lásán, ìkẹrin jẹ́ aláwọ̀ wúrà. Gbogbo iṣẹ́ tí Alága Títí Láé ṣe fún ẹgbẹ́ wa nìyẹn.