Bí Mo Ṣe Sọ Bọ́ọ̀sì Di ‘Bi’

Bí mo bá gbàgbé orúkọ ara mi lọ́la, ọjọ́ kan wà tí kò ní tán lọ́kàn mi: ọjọ́ tí Ìsípẹ́kítọ̀ fò sẹ́yìn níwájú ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, nítorí ọgbọ́n orí mi. Àwọn tíṣà mìíràn náà máa ń ṣe àṣìṣe. Ṣùgbọ́n àìmọ̀kan ló ń kó bá àwọn yẹn. Tèmi, ìmọ̀ ni.

Náírà ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ́pò pọ́n-ùn nígbà náà. Mò ń kọ́ kíláàsì kẹrin ní ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Muṣin, lẹ́bàá àwọn mẹkáníìkì tí ariwo irin wọn máa ń bá mi kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò. Mo ti ṣe tíṣà fún ọdún méjì, wọn kò tíì fìdí iṣẹ́ mi múlẹ̀. Ó ku kí Ìsípẹ́kítọ̀, alábẹ̀wò tí ìjọba ń rán wá, jókòó sí kíláàsì mi, kó sì fọwọ́ sí ìwé mi. Bàbá ọmọge tí mo fẹ́ fẹ́ sì ti sọ ọ́ gbangba pé òun kò ní fọmọ fún tíṣà tí wọ́n lè lé lọ́la.

Ilé kan náà ni èmi àti Bọ̀dá Pọ́ọ̀lù ń gbé ní Àgùdà. Ó ti fi ọdún mẹ́rin kọ́ṣẹ́ àlùfáà Kátólíìkì kó tó rí i pé ìyàwó wu òun ju aṣọ àlùfáà lọ. Èdè Látìn nìkan ló mú bọ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, a jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ní kí n wá wo bí àwọn òyìnbó ṣe ya olè: wọ́n jí ọ̀rọ̀ Látìn kó, wọ́n sì jí bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ di púpọ̀ mọ́ ọn. “Èyí tó bá fi ‘us’ parí, ‘i’ ló máa fi parí bó bá pọ̀. ‘Cactus’ kan, ‘cacti’ méjì. ‘Radius’ kan, ‘radii’ méjì.” Bí àwọn fadá ṣe ń pè é ló ṣe pè é, ‘i’ tó dún bíi ti Yorùbá gan-an.

Ojú mi là. Èdè tiwa rọrùn: ajá kan, ajá méjì, ajá ẹgbẹ̀rún, ajá ò yí orúkọ padà. Ṣùgbọ́n irú ìrọ̀rùn bẹ́ẹ̀ kò yẹ ọ̀mọ̀wé bíi tèmi.

Ọ̀gá-àgbà wa, obìnrin Ìjẹ̀ṣà kan tí kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò, ni mo kọ́kọ́ fi ìmọ̀ náà ta lọ́rẹ. Ó lẹ ìwé mọ́ ògiri pé kí gbogbo tíṣà wá gba ‘syllabuses’ tuntun. Mo fa báírò pupa yọ, mo wọ́ ọ kọjá lára ọ̀rọ̀ náà, mo kọ ‘syllabi’ sí i lórí, mo sì fa ìlà sí i nídìí bí a ti ń ṣe fún ọmọ kíláàsì kejì. Kó tó di ìsinmi ọ̀sán, ó ti ránṣẹ́ pè mí.

“Ìwọ lo fi báírò pupa kọ nǹkan sára ìwé mi?”

“Ẹ má bínú, mà. Látìn ni.”

Ó ṣí atúmọ̀-èdè tó wà lórí tábìlì, ó fi ìka sí ibì kan. Méjèèjì ló wà níbẹ̀, ‘syllabuses’ àti ‘syllabi’, wọ́n jókòó ti ara wọn bíi tọkọtaya.

“Ṣé o rí i?”

Mo ní mo rí i, mà. Mo jáde, mò ń káàánú ẹni tó ṣe atúmọ̀-èdè náà.

Nígbà tí a gbọ́ pé Ìsípẹ́kítọ̀ ń bọ̀ lọ́jọ́bọ̀, àwọn tíṣà yòókù ń kun ògiri, wọ́n ń gé èékánná àwọn ọmọ. Èmi ń kọ́ kíláàsì mi ní Látìn. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni a fi kọ ọ́ bí orin. Kò sí ọmọ tó rí ‘cactus’ rí ní Muṣin, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì gbà pé rédíò ni ‘radii’. Kí àpẹẹrẹ má bàa jìnnà sí wọn, mo yọjú lójú fèrèsé, mo wo títì. “Bus!” ni mo ké. “Bi!” ni wọ́n dá mi lóhùn. Omi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú mi fún ayọ̀.

Ọkùnrin náà dé lóòótọ́, ó wọ sáfárí funfun báláú, bàtà rẹ̀ náà funfun. Ọ̀gá-àgbà tẹ̀ lé e. Ó gbọ́ ìṣirò wa, ó mi orí. Ó gbọ́ ìwé kíkà wa, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Mo rí i tó fa báírò yọ! Ká ní ó fọwọ́ sí ìwé mi lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ ì bá ti parí. Ṣùgbọ́n ó fẹ́ ṣe bíi bàbá rere, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú Ṣadé, ọmọbìnrin tó jókòó níwájú pátápátá, ó fi Gẹ̀ẹ́sì bi í bó ṣe dé ilé-ìwé láàárọ̀ ọjọ́ náà.

Ṣadé dìde, ó fọwọ́ di ikùn mú bó ti máa ń ṣe bí ojú bá ń tì í. “Please, sir,” ló wí, “bi… bi…”

Ìsípẹ́kítọ̀ fò sẹ́yìn. “Ó fẹ́ bì! Ẹ gbé korobá wá!”

Ọ̀gá-àgbà sáré gbé korobá tó wà lábẹ́ pátákó ìkọ̀wé. Ó gbàgbé pé omi dúdú tí a fi ń nu pátákó ṣì wà nínú rẹ̀. Ìdajì omi náà dé ọ̀dọ̀ Ṣadé. Ìdajì tó kù wọ sáfárí funfun.

“Mi ò fẹ́ bì o, sà!” Ẹkún ti gba ẹnu Ṣadé. “Bi ni mo wọ̀ wá. Méjì ni. Mo wọ ọ̀kan láti Ìgánmú, mo tún wọ ọ̀kan sí i!”

“Kí ló ń jẹ́ bi?”

Ọmọ márùndínláàádọ́ta rò pé ìdánwò ti dé nìyẹn. Gbogbo wọn dìde. “Bus, bi! Chorus, chori! Minus, mini!” Èmi ò kọ́ wọn ní èyí tó kẹ́yìn yẹn o; wọ́n ti ń dá ìwádìí ṣe. Ẹnì kan lẹ́yìn ti fẹ́ sọ Jésù di púpọ̀ nígbà tí ọ̀gá-àgbà gbá tábìlì. “Ó tó!”

“Ta ló kọ́ yín?” ni Ìsípẹ́kítọ̀ béèrè.

Ìka márùndínláàádọ́ta nà sí mi. Kíláàsì mi ò fohùn ṣọ̀kan tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ní ọ́fíìsì, mo ṣàlàyé pé ìlànà Látìn ni, pé ‘us’ ló fi parí. Ọkùnrin náà rọra fún ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀.

“Ọ̀gbẹ́ni, ọdún márùn-ún ni mo fi kọ́ Látìn, wọ́n sì nà mí nítorí rẹ̀. ‘Bus’ kì í ṣe odidi ọ̀rọ̀. Ìrù ‘omnibus’ ni wọ́n gé. ‘Fún gbogbo ènìyàn’ sì ni ‘omnibus’ ní Látìn. Púpọ̀ ni tẹ́lẹ̀! Ìwọ wá ń sọ púpọ̀ di púpọ̀.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà.” Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí mo sọ tó tọ̀nà ní sáà náà nìyẹn.

Kò fọwọ́ sí i. Ó ní òun á padà wá lẹ́yìn ọdún kan, bóyá ara mi á ti balẹ̀. Bàbá ọmọge náà ní kí èmi náà padà wá lẹ́yìn ọdún kan. Bọ̀dá Pọ́ọ̀lù rẹ́rìn-ín títí ó fi yọ̀ kúrò lórí bẹ́ǹṣì. “Ṣé mo dárúkọ bọ́ọ̀sì fún ọ ni? Ṣé o ò lè kọ́kọ́ bi mí ni?”

Ọ̀gá-àgbà ní tirẹ̀ kó mi lọ sí kíláàsì kìíní, níbi tó gbà pé Látìn ò ti lè pa ẹnikẹ́ni lára. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ọmọ kan nawọ́ sókè. “Tíṣà, kí ni wọ́n ń pe ‘sheep’ bó bá di méjì?”

Mo wo ọmọ náà. Mo wo ẹnu ọ̀nà bóyá ẹnì kan ń bọ̀. “Ẹ dìde,” ni mo wí, “ẹ jẹ́ ká kọrin.”

Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé ohun tí èèyàn gbọ́ lálẹ́ àná, kó má tíì fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ láàárọ̀. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n tó fìdí iṣẹ́ mi múlẹ̀, ọdún yẹn náà ni mo gbéyàwó. Bí ọ̀rọ̀ bá sì ti ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là á rín. Òun náà ni mò ń rín yìí.