Kàfáyá àti Eyín Bàbá Láwàlì

Ẹ bá mi kí Kàfáyá o, Igbákejì Dókítà tí dókítà kankan ò yàn, Awọṣọ-funfun-má-kó-ìgbẹ́! Nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó tí mo ti ń dáná ní Ilo-Awela, òun ni àgbà nínú àwọn olùtọ́jú. Ó gbé ẹ̀rọ tí dókítà fi ń gbọ́ àyà kọ́rùn bí ìlẹ̀kẹ̀. Bí ẹ bá ní kó fi gbọ́ àyà ẹnìkan, á ní bátìrì rẹ̀ ti kú.

Toyibat, ọmọ Ijoko tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sẹ́nu iṣẹ́, ló wá di ẹrú rẹ̀.

"Toyibat, Ìyá Rùfáì ti tọ̀ sára!"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn."

"Mò ń ronú lọ́wọ́. Ta ni yóò máa ronú bí èmi bá ń nu ìtọ̀?"

Ọjọ́ kejì Iléyá, Alhájì Fàlílù gbé kúlà ẹran àgbò díndín wá fún bàbá rẹ̀, Bàbá Láwàlì. Eyín àtọwọ́dá ni Bàbá fi ń jẹun, tòkè tìsàlẹ̀. Alaalẹ́ ni wọ́n ń yọ ọ́ sínú ife omi. Ilẹ̀ mọ́, ife wà, omi wà, eyín ò sí.

"Toyibat ló dà á nù mọ́ omi!" Kàfáyá figbe bọnu. "Ojú mi báyìí ló ṣe!"

"Wàláhì, èmi kọ́!"

"Ẹ ò rí i? Ó ti ń búra. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ kì í búra."

Eyín ti lọ, ta ni yóò wá jẹ ẹran? Kàfáyá, aláàánú wa, ní òun á gba Bàbá sílẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì Bàbá gan-an ló ń jókòó sí, á máa fa ẹran ya, á máa rọ̀ wọ́n: "Bàbá, ẹ mu ògì yín. Ẹran kì í jẹ́ kí ara arúgbó balẹ̀." Bàbá á kàn máa wo ẹnu rẹ̀. Èmi tí mo ń gbé ẹran ọ̀hún kaná láràárọ̀, inú bí mi débi pé mo bu iyọ̀ sínú ògì dípò ṣúgà.

Nígbà tí Alhájì ní òun ń bọ̀ wá wo bàbá òun, jìnnìjìnnì mú Màdáàmù Olúkẹ́mi tó ni ilé náà. Ó tú báàgì gbogbo wa, kò rí nǹkan kan.

"Toyibat, bí eyín yẹn ò bá jáde kí Alhájì tó dé, máa lọ sílé yín."

Toyibat bú sẹ́kún. Iṣẹ́ yìí ló fi ń ra oògùn ìyá rẹ̀.

"Nujú ẹ jàre," ni Kàfáyá wí. "Àbúrò mi kan ti ṣetán láti gba ipò ẹ."

Géètì ṣí, mọ́tò Alhájì wọlé. Kàfáyá kì í kúnlẹ̀ kí arúgbó kankan o, ó ní orúnkún ń dun òun. Ṣùgbọ́n bó ṣe rí ọmọ olówó báyìí, orúnkún yá.

"Alhájì wa! Ẹ kú ọdún, ẹ kú ìyèdún! Èmi nìkan ni mò ń tọ́jú Bàbá o!"

"Ẹ dìde, ó tó."

"Kò tó!" Ó tún tẹríba sí i, bí ẹni fẹ́ forí kanlẹ̀ nírun. Níbi tó ti ń tẹ̀ ni nǹkan ti já bọ́ láti inú kọ́mú rẹ̀, pàkà! Eyín òkè. Kí a tó mí, tìsàlẹ̀ tẹ̀lé e.

"Eyín ta nìyẹn?" Alhájì bèèrè.

"Eyín... eyín mi ni!"

"Lanu," ni Màdáàmù wí.

Ó lanu. Eyín tirẹ̀ pé pérépéré, ẹran àgbò sì há sáàárín wọn. Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ìyá Rùfáì rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi tọ̀ sára. Toyibat fẹ́ sáré lọ nù ún, Màdáàmù fà á lọ́wọ́, ó ní kó má bínú, iṣẹ́ rẹ̀ ṣì wà.

"Kàfáyá, ìwọ lọ nù ún. Tóo bá ṣe tán, kó ẹrù ẹ."

Toyibat fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ eyín, ó kúnlẹ̀, ó gbé e fún Bàbá. Bàbá gbà á, wọ́n yí i sọ́tùn-ún, wọ́n yí i sósì, wọ́n dá a padà.

"Ọmọ mi, tún un fọ̀. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, mi ò rán eyín mi lọ síbi tó ti ń bọ̀ yẹn rí."