Ẹja Tí Rudolino Pa

Ẹ bá mi kí Rudolino, ẹkùn abẹ́ omi, ọkùnrin tí ẹja yanyan ń dọ̀bálẹ̀ fún. Òun ló fún ara rẹ̀ lóríkì yìí o, ẹnu wa kọ́. Ní erékùṣù Bonaire níbí, ta ni kì í gbé àgbá afẹ́fẹ́ kọ́ ẹ̀yìn, kó ti etí òkun rìn wọlé lọ wo iyùn tó ń hù lábẹ́ omi? Ṣùgbọ́n bí Rudolino bá fẹ́ wọ omi, àfi bí ẹni pé ọba fẹ́ gbadé.

Gbogbo ibi tí a ti ń wọ omi ló ní òkúta tí a fi ọ̀dà ìyeyè kùn, tí a kọ orúkọ sí. Tiwa nìkan ni kò ní. A ti fẹnu kò pé orúkọ olóògbé Tio Wanchi, tó kọ́ gbogbo wa bí a ṣe ń wọ omi, la máa kọ. Opó rẹ̀, Tanchi Felipa, tilẹ̀ ti ra ọ̀dà.

Rudolino fárígá. "Òkú ń wọ omi ni? Ẹ jẹ́ ká díje! Ẹni tó bá pa ẹja kìnnìún tó tóbi jù, orúkọ rẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ!"

Ẹja yìí nìkan lòfin gbà ká pa níbí, torí àlejò wọ̀bìà ni, ó ń jẹ ọmọ ẹja wa run. Rudolino pariwo títí ó fi sú wa, la bá gbà. Tanchi Felipa gbé ọ̀dà rẹ̀ sábẹ́ àga. Ó dùn mí wọra.

Lọ́jọ́ ìdíje, a so ọwọ́ kọ́ra ní méjì méjì, torí àwọn òkúta etí omi ń yọ̀. Ikùn Rudolino yọ síta lábẹ́ ẹ̀wù. A rò pé oúnjẹ àárọ̀ ni.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ di ọwọ́ mi mú," Osbaldo, àbíkẹ́yìn láàárín wa, wí.

"Ìwọ ọmọ àná! Ẹkùn kì í bá ewúrẹ́ wọ odò!"

Orí ilẹ̀ ló ti wọ bàtà ẹsẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ tí àwa ń wọ̀ nínú omi. Ìgbì àkọ́kọ́ gbé e dojú bolẹ̀.

"Mo dọ̀bálẹ̀ kí òkun ni!" ló fi bọnu, ó sì rá wọ omi lọ.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo lòótọ́ máa bá a. Ti Rudolino ò tiẹ̀ rìn jìnnà. Ó jáde pẹ̀lú àpò rọ́bà tí ẹnu rẹ̀ wà ní dídé pinpin.

"Ẹ sún! Ẹran burúkú ni! Ó bá mi jà, díẹ̀ ló kù kó fi ẹ̀gún olóró gún mi lójú!"

Ó da ẹja náà sórí tábìlì, ó ń wo ojú wa, kò wo ẹja. Lóòótọ́ ó tóbi. Ṣùgbọ́n wọ́n ti gé gbogbo ẹ̀gún rẹ̀. Wọ́n ti la inú rẹ̀, wọ́n ti fi áyù àti ọsàn wẹ́wẹ́ kún un, ata sì bò ó látorí dé ìrù.

"Ẹ̀gbọ́n," Osbaldo bèèrè, "kó tó bá yín jà ni ẹ pa ata sí i lára ni, àbí lẹ́yìn ìjà?"

Igbe ta láàárín èrò. Mirelva, ìyàwó Rudolino, ló káwọ́ lérí. "Olówó orí mi! Ẹja tẹ́ ẹ rà lánàá, tẹ́ ẹ ní kí n tọ́jú sínú àpò! Mo ti pa ata sí i lára fún àsè yín lálẹ́ yìí! Ta ló gbé e wọ omi?"

Ẹkùn fi àpò rọ́bà bojú. Tanchi Felipa dìde, ó fi ìka kan ata ara ẹja, ó tọ́ ọ wò, ó mirí.

"Ó dùn o. Àmọ́ fún ẹja tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tinú òkun bọ̀, iyọ̀ rẹ̀ ò tó."

A rẹ́rìn-ín títí àwa kan fi jókòó sínú iyanrìn. Obìnrin náà fa ọ̀dà rẹ̀ yọ lábẹ́ àga, ó ṣí i, ó nà án sí Rudolino.

"Ẹkùn, bá mi di èyí mú. Má jẹ́ kó dànù o, orúkọ ọkọ mi ló wà níbẹ̀."