Ìṣó Bàbá àti Lẹ́ńsì Tí Mo Rà ní Joubert Park

Bí mo bá di arúgbó tán tí mo gbàgbé orúkọ ara mi, ọjọ́ kan kò ní kúrò lọ́kàn mi láéláé: ọjọ́ tí ìyàwó mi gboyè jáde ní Johannesburg, tí mo jókòó sínú gbọ̀ngàn, tí ojú mi méjèèjì là kedere, tí mo sì ń ya ẹlòmíràn ní fọ́tò. Ẹ rọra máa rẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bó ṣe jẹ́.

Iṣẹ́ lífìtì ni mo ń ṣe, àwọn ẹ̀rọ tó ń gbé èèyàn lọ sókè ilé gíga. Ìdí nìyẹn tí Bùsáyọ̀ ìyàwó mi fi máa ń pè mí ní Ẹnjiníà. Tí inú rẹ̀ bá dùn, Ẹnjiníà ni. Tí inú bá ń bí i, Ẹnjiníà náà ni, ohùn rẹ̀ ni mo fi ń mọ èwo lèwo. Aléébù mi kò ju ẹyọ kan lọ: n kì í lè kọjá níbi tí wọ́n ti ń ta nǹkan tuntun tó bá ti ní ohun tí wọ́n ń tẹ̀ tàbí tí wọ́n ń yí. Mo ti ra tọ́ọ̀ṣì tó ń gba rédíò rí. Mo ti ra agboorun tó ń fẹ́ atẹ́gùn síni lójú. Kò sí èyí tó pé oṣù mẹ́ta nínú wọn kó tó kú.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ti ìṣó. Iléṣà ni ilé àwọn Bùsáyọ̀. Káfíńtà ni bàbá rẹ̀ nígbà ayé wọn. Lọ́jọ́ tí ìwé dé pé yunifásítì kan níbí ti gba Bùsáyọ̀ láti wá ka másítà, Bàbá mú òòlù, wọ́n kan ìṣó kan mọ́ ògiri pálọ̀, lókè àga wọn gan-an. Wọ́n ní, "Ibí ni fọ́tò ọmọ mi máa wà, tòun ti fìlà onígun mẹ́rin lórí." Wọn kò dúró rí i. Ẹ̀kọ́ náà pẹ́ ju bí a ṣe rò lọ, iṣẹ́ wọ̀ ọ́, wàhálà ìwé ìgbélùú wọ̀ ọ́, Bàbá sì lọ ní ọdún kejì. Láti ìgbà náà, Ìyá kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi kàlẹ́ńdà kọ́ ìṣó yẹn. Ní gbogbo Sátidé tí wọ́n bá ń tún pálọ̀ ṣe, wọ́n á fi aṣọ nù ún. Ìṣó lásán o! Ẹ wá rí i pé kì í ṣe fọ́tò kékeré ló wà lọ́rùn mi.

Nígbà tí ọjọ́ ń sún mọ́, ilé ìwé ní kí ẹni tó bá fẹ́ kí ayàwòrán tiwọn ya òun fi orúkọ sílẹ̀. Mo ní kí Bùsáyọ̀ má fi sílẹ̀.

"Ẹnjiníà, ṣé ó dá ẹ lójú?"

"Fi ọkàn balẹ̀. Fọ́tò tí màá yà, irun ojú rẹ ni wọ́n máa kà ní Iléṣà."

Mo ti ra lẹ́ńsì ni. Joubert Park ni mo ti rí i, lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó pàtẹ ìbòrí fóònù àti wáyà sí ẹ̀gbẹ́ títì. Ó rí bí ìgò oògùn ojú, ó dúdú, ó ń dán, ó sì ní ẹnu bíi ti nǹkan tí a fi ń há aṣọ mọ́ okùn, tí a ó fi há a mọ́ ẹ̀yìn fóònù kó lè fa ohun tó jìnnà wá sítòsí. Ọkùnrin náà kò purọ́ fún mi, kí n má di ẹ̀bi rù ú. Ó gbé fóònù mi lé orí páálí, ó ní kí n wo pátákó kan tó wà lókè ilé gíga lódìkejì. Mo ka gbogbo lẹ́tà ara rẹ̀.

"Shap?" ó ní, ìyẹn ni pé ṣé ó dára.

"Shap-shap," mo ní.

Ohun tí n kò kíyè sí ni pé orí páálí ni fóònù wà, pátákó kì í rìn, oòrùn sì ń ràn bí ẹni pé wọ́n bẹ̀ ẹ́ lọ́wẹ̀.

Mo gbé e délé ní Rosettenville, mo ní kí n fi kọ́ ọwọ́. Àwa àti opó kan tí a ń pè ní Mama Thandi la jọ ń lo àgbàlá ẹ̀yìn ilé. Ẹyẹ hadeda kan bà sórí òrùlé, àwọn ẹyẹ ẹlẹ́nu gígùn tó ń pariwo bí ẹni tí wọ́n jà lólè yẹn. Mo gun àpótí lójú fèrèsé, mo dojú lẹ́ńsì kọ ọ́. Ó fò sílẹ̀, mo tẹ̀ lé e. Ó ń ṣa kòkòrò jẹ nínú koríko, mo ń tẹ̀ lé e. Ó wọ abẹ́ okùn tí Mama Thandi ń sá aṣọ sí, ojú mi kò kúrò lórí fóònù. Àṣé ẹyẹ ti fò lọ, aṣọ àwọ̀tẹ́lẹ̀ ìyá àgbà ni mo ń fà sítòsí.

"Eish! Bhuti, kí lo ń wá nínú aṣọ mi?" Bhuti ni wọ́n ń pe arákùnrin níbí.

"Ẹyẹ ni, Mama."

"Ẹyẹ wo?"

Mo wo ilẹ̀, mo wo òkè. Kò sí ẹyẹ kankan.

Bùsáyọ̀ ló fà mí lọ bẹ̀ wọ́n. Ọmọ tí wọ́n kọ́ ni mí, mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ sẹ́nu ọ̀nà wọn. Mama Thandi kò rí irú ẹ̀ rí. Wọ́n rò pé òòyì ló gbé mi ṣubú, wọ́n ké, wọ́n sáré gbé omi wá, wọ́n sì ti dà á sí mi lọ́rùn kí Bùsáyọ̀ tó lè ṣàlàyé pé ìkíni wa ni. Àfi ká máa rẹ́rìn-ín. Ìwé ìwọlé méjì ni ilé ìwé fún akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan. Bùsáyọ̀ fi ìkejì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ wọn. Bí Mama Thandi ṣe di ẹni tó máa bá mi lọ nìyẹn.

Lọ́jọ́ náà, a tètè dé gbọ̀ngàn tó wà ní Doornfontein. Bùsáyọ̀ lọ bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ níwájú, àwa méjì wà ní ìlà tó kẹ́yìn lókè lọ́hùn-ún. Ọ̀gá kan gba makirofóònù, ó ní tó bá ti kan èèyàn yín, ẹ lè sọ̀ kalẹ̀ wá sí ẹ̀gbẹ́ pèpéle, kí ẹ yà á ní fọ́tò, kí ẹ padà. Mama Thandi ti gbé báàgì wọn.

"Bhuti, jẹ́ ká sọ̀ kalẹ̀."

"Ẹ jókòó, Mama. Mo ti mú ibẹ̀ wá síbí."

Ẹnu mi yìí náà ni mo fi sọ ọ́ o.

Mo há lẹ́ńsì mọ́ fóònù. Inú gbọ̀ngàn kò ní oòrùn Joubert Park, kò sì sí páálí tí mo lè gbé e lé. Bí mo bá mí, gbogbo gbọ̀ngàn á jó. Bí mo bá gbé ọwọ́ díẹ̀, mo ti kúrò lórí èèyàn, mo ti bọ́ sára kọ́tìnnì. Ó dà bí ìgbà téèyàn ń wo ilé ńlá láti inú ihò kọ́kọ́rọ́. Síbẹ̀ mo rí Bùsáyọ̀ lórí ìlà lẹ́bàá ògiri, awò ojú rẹ̀ ń dán, ó ń fi ahọ́n lá ètè bó ṣe máa ń ṣe tí ẹ̀rù bá ń bà á. Orí mi wú.

Àfi gbì, ẹnì kan tó ń kọjá fi ìdí gbún mi ní ìgbọ̀nwọ́. Lẹ́ńsì já bọ́, ó yí lọ sábẹ́ àga tó wà níwájú. Mo rá pálá láàárín bàtà àwọn olóbìí; ọkùnrin kan gbé ẹsẹ̀ méjèèjì sókè, ó rò pé eku ni. Ìgbà tí mo fi rí i, tí mo nù ún, tí mo tún há a, ìlà ti rìn síwájú. Mo wá awò ojú. Mo rí i! Awò ojú, aṣọ dúdú, ìdúró kan náà. Mo ní, "O ò lè sá mọ́ mi lọ́wọ́ mọ́." Mo so ojú mọ́ ọn.

Ìgbà yẹn gan-an ni Mama Thandi fò dìde, tí wọ́n ké igbe ayọ̀ tí àwọn obìnrin ibí máa ń fi ahọ́n lù lẹ́nu, tí wọ́n ń ju ìborùn wọn sókè, tí wọ́n ń jó. Igbe irú ẹ̀ ti gba gbogbo gbọ̀ngàn, ẹnikẹ́ni kò gbọ́ orúkọ tí wọ́n ń pè mọ́. Ojú mi kò kúrò lórí fóònù. Mo fi ẹ̀gbẹ́ ẹnu sọ fún wọn pé, "Mama, ẹ rọra, kò tíì kàn wá."

Lẹ́yìn ẹni mẹ́ta, obìnrin mi gun pèpéle. Mo tẹ̀ ẹ́, mo tẹ̀ ẹ́, mo tẹ̀ ẹ́. Ẹyọ kan ló dára díẹ̀: fìlà hàn, aṣọ hàn, ìwé tó gbà hàn. Òkùnkùn ṣe róbótó yí i ká, ojú sì dà bí èyí tí wọ́n fi omi ọṣẹ nù. Mo ní wọ́n á mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀. N kò wò ó lẹ́ẹ̀mejì kí n tó fi í ránṣẹ́ sí Iléṣà: "Ìyá, ẹ kú oríire! Ẹ gbé e kọ́ ìṣó."

Ẹ mọ àwọn èèyàn wa. Kí ètò náà tó parí, Ìyá ti pè. Ẹkún ayọ̀ ni wọ́n ń sun. Wọ́n ti gbé fóònù lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, wòlíì ti gbé e sáàárín àbẹ́là, wọ́n ti kọrin, wọ́n ti gbàdúrà lé e lórí. Wọ́n ti gba ọ̀dọ̀ oní-fọ́tò lọ, iná sì wà lọ́jọ́ yẹn, ẹ ò rí nǹkan, wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ ní ńlá, wọ́n ti ki í bọ férémù.

"Ọmọ mi mà sanra o! Ọkọ ọmọ mi, o ṣeun. O tọ́jú rẹ̀ fún mi."

Mo ní, "A dúpẹ́, mà." Àyà mi yọ síwájú bíi ti olóyè.

Bùsáyọ̀ jáde síta, òógùn bò ó, ó ń rẹ́rìn-ín. "Jẹ́ n wò ó." Mo na fóònù sí i. Ó wò ó. Ó bọ́ awò ojú, ó nù ún, ó tún wò ó.

"Ta nìyí?"

"Ìwọ ni."

"Ẹnjiníà. Ta ni obìnrin yìí?"

Mama Thandi yọjú wò ó, wọ́n ní, "Hau! Kì í ṣe òun. Nígbà tí Bùsáyọ̀ gun orí ibẹ̀ ni mo kígbe. Ibo lo ń wò?"

Mo rò pé ó máa bú mi. Ì bá sàn kó bú mi. Omi ló dé sójú rẹ̀, ó ní, "Bàbá mi kò rí mi. Ìwọ tí o wà níbẹ̀, ìwọ náà kò rí mi." Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Òtítọ́ sì ni.

A wọ táksì padà sí Rosettenville. Ọpẹ́lọpẹ́ pé ọjọ́ kejì ni a máa dá aṣọ oyè tí a yá padà. Mo ní kí ó tún un wọ̀, ká lọ sẹ́yìn ilé. Bí mo ṣe máa mú fóònù, ẹ má bínú, ọwọ́ mi tún lọ sí lẹ́ńsì. Mama Thandi gbá a dànù lọ́wọ́ mi.

"Fóònù nìkan. Gbé e wá."

Wọ́n rìn sún mọ́ Bùsáyọ̀ títí ó fi ku ìwọ̀n ẹsẹ̀ mẹ́ta. "Ọmọ mi, wò mí." Bùsáyọ̀ wò wọ́n, ẹ̀rín bọ́ sí i lẹ́nu, Mama Thandi sì tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan péré. Ó mú ohun gbogbo: ojú, eyín, àmì omijé tó ti gbẹ, àti aṣọ ìbùsùn olódòdó Mama Thandi tó ń fẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ lórí okùn.

Ó wá ku ẹni tó máa sọ fún Ìyá. Mo pè wọ́n, mo gbé fóònù ti ara ògiri kí wọ́n lè rí mi, mo sì dọ̀bálẹ̀ sórí koríko. Lọ́tẹ̀ yìí Mama Thandi kò da omi. Mo jẹ́wọ́ ohun gbogbo. Ìyá gbé férémù sún mọ́ ojú.

"Ta wá ni mo ń gbàdúrà fún láti àárọ̀?"

"A kò mọ̀ ọ́n, mà."

"Háà. Àdúrà tó ti lọ, ṣé n ó wá sáré lọ gbà á padà ni? Ọmọ ẹnì kan ni òun náà. Bóyá ìyá tirẹ̀ náà wà lọ́nà jíjìn." Wọ́n ké sí ẹnì kan nínú ilé pé, "Ẹ bá mi wá òòlù Bàbá!"

Ìṣó méjì ló wà lára ògiri pálọ̀ báyìí. Bùsáyọ̀ wà lórí ti Bàbá, pẹ̀lú aṣọ ìbùsùn Mama Thandi lẹ́yìn rẹ̀. Obìnrin inú òkùnkùn róbótó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Àwọn èèyàn máa ń bi mí bóyá irú lẹ́ńsì yẹn dára. Mo ní ó dára fún pátákó, ó dára fún hadeda tó bá dúró jẹ́ẹ́, tí oòrùn bá wà, tí ẹ sì rí nǹkan gbé fóònù lé. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ èèyàn yín ni, tí ọ̀nà sì ṣí sílẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde, kí ẹ fi ẹsẹ̀ yín rìn lọ bá a.

Tí Ìyá bá pè, wọ́n á kí Bùsáyọ̀ tán, wọ́n á ní, "Ọmọ mi kejì ńkọ́? Ẹ ò tíì rí i?" Nítorí náà, nígbàkigbà tí iná ojú títì, tí wọ́n ń pè ní robot níbí, bá dá mi dúró ní Doornfontein, mo máa ń wo ojú àwọn obìnrin tó ń kọjá. Mo fẹ́ sọ fún un pé ìyá kan wà ní Iléṣà tó ń pe orí rẹ̀ láràárọ̀. Ojú rẹ̀ gan-an ni n kò mọ̀. Lẹ́ńsì mi kò mú un. Èmi nìkan á máa rẹ́rìn-ín nínú mọ́tò iṣẹ́ mi, iná á ti di àwọ̀ ewé, àwọn tó wà lẹ́yìn mi á sì máa fọn fèrè.