Sókáwèè Kòkòrò-Ò-Gbọdọ̀

Ẹ wá gbọ́ o! Ìmọ́tótó dára, àmọ́ ti bàbá télọ̀ àdúgbò wa ti di àìsàn. Kòkòrò tí ojú lásán ò lè rí ló ń bá ṣọ̀tá. Ó bọ èèyàn lọ́wọ́ tán, á fọ ọwọ́. Oníbàárà fún un lówó, á fọ owó náà! La bá sọ ọ́ ní Kòkòrò-Ò-Gbọdọ̀. Ṣe ni inú rẹ̀ ń dùn sí i.

Ọjọ́ pẹ́ tó ti ń da oògùn apakòkòrò sínú sókáwèè, ihò tí ìgbẹ́ ilé ń wọ́ lọ. Nígbà tí àwọn òbí ẹni tó fẹ́ fẹ́ ọmọ rẹ̀ obìnrin wá fẹ́ wá mọ ilé, odidi kẹ́ẹ̀gì ló dà sí i.

Ìyàwó rẹ̀ ní, "Bàbá, ta ló fẹ́ lọ jókòó síbẹ̀?"

"Dákẹ́! Àna ń bọ̀!"

Ọmọ ń bẹ̀ ẹ́: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má lé ọkọ mi lọ."

Àna dé. Olùkọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ni baba ọkọ. Wọn ò tíì jókòó dáadáa tí Kòkòrò-Ò-Gbọdọ̀ fi bẹ̀rẹ̀: "Ẹ lè lá ilẹ̀ ilé yìí! Títí dé inú sókáwèè, mo ti pa kòkòrò ibẹ̀ tán, tìyá-tọmọ!"

Baba ọkọ ní, "Háà! Ta ló wá ń bá yín jẹ ìgbẹ́ yín?"

Kòkòrò-Ò-Gbọdọ̀ fajú ro.

"Ẹ má bínú, àna mi. Àwọn kòkòrò yẹn ló ń jẹ ẹ́ tó fi ń di omi. Ewé tó bọ́, ẹran tó kú sígbó, àwọn náà ló ń sọ ọ́ di ilẹ̀. Láìsí wọn, pàǹtírí ì bá ti bò wá mọ́lẹ̀."

Ibi tí wọ́n ti ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni ìyá ọkọ ti lọ sílé ìgbọ̀nsẹ̀. Ó fa omi sí i. Kàkà kí omi lọ, ṣe ló ń bọ̀!

"Mo gbé o!" Màmá sáré jáde, bàtà lọ́wọ́, gèlè lọ́rùn. Omi tẹ̀ lé e dé pálọ̀. Àṣejù, baba àṣetẹ́. Tibí yìí, baba òórùn ni.

Ọmọ bú sẹ́kún: "Ó ti parí!"

Bàbá ní kí ilẹ̀ lanu kó gbé òun mì, àmọ́ ilẹ̀ ti yó.

Ẹ̀rín ni baba ọkọ rín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Nu ojú rẹ, ìyàwó wa. Àwa ti gbà ọ́. Bàbá rẹ ló kù ká tọ́jú."

Lọ́jọ́ kejì, ọkọ ìyàwó gbé ẹ̀bùn àkọ́kọ́ wá látọ̀dọ̀ àwọn òbí rẹ̀: korobá ìgbẹ́ kan tí wọ́n dé pinpin, tí wọ́n bù látinú sókáwèè tiwọn, kí kòkòrò lè tún máa bí sínú ti Bàbá.

Ta ló ń kọ ẹ̀bùn àna? Kòkòrò-Ò-Gbọdọ̀ fọwọ́ méjèèjì gbà á. "Bá mi kí wọn, ọmọ mi. Wọn ì bá má ti ṣe tó báyìí."