Iná Fọ́tò Fọlárànmí àti Ojú Ìyá Aláró

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó yìí, ṣé ẹ tilẹ̀ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń sọ pé ohun tá a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tá a bá fagbára mú ní í le koko? Ẹ ò mọ̀. Ẹ kàn ń pa òwe kiri ni, bí ẹni tó jogún agbádá tí kò béèrè ẹni tó rán an. Àwọn kan á ní òwe náà ti wà kí iná mànàmáná tó dé. Irọ́ ni. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ bẹ́ẹ̀ fún yín, ẹ ní kó mú ẹlẹ́rìí wá. Èmi mọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Ìgbájọ ni, nínú ṣọ́ọ̀bù ayàwòrán kan tó ń jẹ́ Fọlárànmí, ọ̀rọ̀ náà sì ń dùn ún títí di òní olónìí.

Fọlárànmí kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe òpè. Ogún ọdún ló ti ń ya fọ́tò. Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ló máa ń gbé àga sí, á ta aṣọ funfun sójú fèrèsé náà kí oòrùn má bàa le jù, á ní kí oníbàárà fọkàn balẹ̀, á wá tẹ kámẹ́rà rẹ̀. Àwòrán rẹ̀ máa ń dára. Ṣùgbọ́n ẹnì kan wà tí kò tíì yà rí, ìyẹn ìyá tó bí ìyá rẹ̀. Ìyá Aláró ni gbogbo ìlú ń pe màmá náà, torí aṣọ ló fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ rẹ láró. Ó ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún, òun ló sì tọ́ Fọlárànmí dàgbà lẹ́yìn tí ìyá rẹ̀ kú. Lọ́dọọdún ni Fọlárànmí ń bẹ̀ ẹ́ pé kó wá jókòó, lọ́dọọdún ni màmá sì ń fi oríkì rẹ̀ dá a lóhùn pé, "Àjàgbé, kò tíì yá."

Ẹ̀yin náà mọ bó ṣe rí nílẹ̀ wa. Fọ́tò arúgbó kì í ṣe eré. Arúgbó á kọjú síwájú gbọnrangandan, á tẹ́ ìró rẹ̀ dáadáa, á gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún, á sì la ojú méjèèjì, torí àwòrán yẹn ni wọ́n máa gbé síwájú pósí lọ́jọ́ tó bá sùn. Ẹni tó bá dijú nínú fọ́tò, òkú ni wọ́n yà.

Lọ́dún kan ṣá, lẹ́yìn ọdún iṣu, Ìyá Aláró ránṣẹ́ pè é.

"Àjàgbé, ó ti yá wàyí. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo máa jókòó o. Àwọn ọmọ kan ń bọ̀ tí mi ò ní rí. Bí wọ́n bá wo fọ́tò yẹn, kí wọ́n mọ̀ pé inú mi dùn sí wọn."

Ká ní Fọlárànmí gbé àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé lọ́jọ́ yẹn, kí ni ì bá kù? Rárá o. Ó ní fèrèsé dára fún ará ìta, ṣùgbọ́n ẹni tó pọn òun dàgbà, iná àwọn ayàwòrán ńláńlá ló yẹ kí òun fi yà á, iná tó máa ń kọ mànà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo bí wọ́n bá ti tẹ kámẹ́rà. Ìfẹ́ ló fi ṣe é, ẹ má bú u. Ṣùgbọ́n ìfẹ́ náà máa ń sọ ọlọ́gbọ́n di ọ̀gbẹ̀rì.

Ó gba Ìbàdàn lọ, ó wọ ṣọ́ọ̀bù obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Alájà Sàláwà, tí kì í ta nǹkan mìíràn ju iná fọ́tò lọ.

"Ọ̀gá fọ́tò, báwo ni yàrá yín ṣe fẹ̀ tó?"

"Alájà, èwo ló lágbára jù?"

"Yàrá ni mo bi yín. Àjà ibẹ̀ ńkọ́? Ṣé ó ga?"

"Ó ga dáadáa, mà." Irọ́ funfun. Bí Fọlárànmí bá na ọwọ́ sókè nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ìka rẹ̀ á kan àjà.

Alájà wò ó, ó sì fa iná kékeré kan jáde. "Ẹ mú èyí. Téèyàn bá ń ra iná, kì í ṣe bó ṣe lè mọ́lẹ̀ tó lèèyàn ń wò, bó ṣe lè rọlẹ̀ tó ni. Ìyẹn tẹ́ ẹ ń nawọ́ sí, inú gbọ̀ngàn ńlá ni wọ́n ti ń lò ó. Ẹ wá fi àpótí aláṣọ funfun yìí bò ó lójú, kó lè rọra dé ara ẹni tẹ́ ẹ ń yà."

Fọlárànmí bú sẹ́rìn-ín. "Alájà, agbára ni mo wá rà, ẹ tún ní kí n ra ohun tó máa dín in kù. Ṣé ẹni tó ra ẹṣin tún ń dè é lẹ́sẹ̀ ni?"

"Wọ́n máa ń dè é o," ni Alájà wí. Ṣùgbọ́n ọkùnrin ti gbá iná méjì tó tóbi jù mọ́ra bí ẹni gbé ìbejì, ó ti ń wá ọkọ̀ Ìgbájọ.

Nígbà tó délé, ó tún ṣe ohun kan tí mi ò mọ orúkọ tí mo lè pè é. Ó kun ògiri ṣọ́ọ̀bù ní ọ̀dà funfun tó ń dán, kí iná lè máa ta padà dáadáa. Ó gbé iná méjèèjì kalẹ̀, ó yí wọn sí ibi tí agbára wọn ti kéré jù, ó sì pe ìyàwó rẹ̀, Ìbíyẹmí, pé kó wá jókòó kí òun fi dán an wò. Iná kọ yẹ̀rì. Ìbíyẹmí pariwo. Nígbà tí ojú rẹ̀ walẹ̀, ó wo àwòrán náà, ó tún un wò.

"Bàbá Ìrètí, níbo lẹ kó imú mi lọ?"

Lóòótọ́ kò sí imú. Ojú méjì àti ẹnu ló kù, gbogbo ìyókù funfun báláú. Fọlárànmí ní kò sí wàhálà, ó mú ìborùn funfun ìyàwó rẹ̀, ó fi bo iná lójú. Kò pẹ́ tí wọ́n fi gbọ́ òórùn. Iná ti dá ihò sí ìborùn náà, ihò tó tó àwo ọbẹ̀. Mi ò ní sọ ohun tí Ìbíyẹmí sọ fún yín.

Ó wá ronú pé bóyá iná náà sún mọ́ èèyàn jù ni. Ó fà á sẹ́yìn títí ó fi kan ògiri, ó ṣílẹ̀kùn, ó gbé e jáde síta. Ojú ọjọ́ sì ṣú díẹ̀ lọ́jọ́ náà, àwọn obìnrin àdúgbò sì sá iṣu tí wọ́n fẹ́ fi ṣe èlùbọ́ sí gbogbo orí àpáta tó wà níwájú ṣọ́ọ̀bù. Bó ṣe tẹ kámẹ́rà báyìí, ẹnì kan lọgun pé, "Òjò ń bọ̀ o!" Ni wọ́n bá kó iṣu. Òjò ò rọ̀. Wọ́n tún un sá. Fọlárànmí tún un tẹ̀. Wọ́n tún kó o. Nígbà tó di ẹlẹ́ẹ̀kẹta, wọ́n tẹ̀ lé mànàmáná yẹn dé orísun rẹ̀, olúkúlùkù pẹ̀lú agbọ̀n rẹ̀ lórí.

"Fọlárànmí, ṣé ìwọ ló wá ń rọ òjò nísinsìnyí ni?"

Ó dọ̀bálẹ̀, ó bẹ̀ wọ́n, ó sì wọ́ iná rẹ̀ padà sínú yàrá. Ìbíyẹmí ní, "Ẹ yọ ọ́ níná, ẹ jẹ́ ká padà sí fèrèsé wa." Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ létí, ṣùgbọ́n ojú ń tì í, torí ó ti sọ fún gbogbo ìlú pé irú iná bẹ́ẹ̀ ò sí títí dé Òṣogbo.

Lọ́jọ́ kejì, Ìyá Aláró dé. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ rẹ ló ró, ó ti lé tìróò sójú. Ó jókòó, ó gbé ọwọ́ lé orúnkún. Ẹ bá mi wo ẹwà!

Iná kọ yẹ̀rì. Màmá dijú.

"Ẹ má bẹ̀rù, màmá. Ẹ kàn la ojú."

Iná kọ, màmá dijú. Ó tún kọ, màmá tún dijú. Iná náà sì máa ń dún "pín-ìn" nígbà tó bá ti ṣe tán láti kọ. Nígbà tó di ẹlẹ́ẹ̀keje, màmá ti mọ ìtumọ̀ ohùn yẹn. Bó bá ti gbọ́ "pín-ìn" báyìí, ojú ti pa dé, kí iná tó dé rárá. Fọlárànmí ń làágùn, ó ń bẹ̀bẹ̀, ó ń tẹ̀. Màmá ní kí wọ́n jẹ́ kí òun wo àwọn tó ti yà. Ó wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan tán.

"Àjàgbé, ẹ̀ẹ̀mẹ́tàdínlógún ni mo ti kú láàárọ̀ yìí. Ó tó o."

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹyọ kan péré ló kù."

Màmá mí kanlẹ̀. Ó di apá àga mú, ó wa eyín pọ̀, ó na ọrùn, ó sì fi gbogbo agbára ara rẹ̀ ya ojú méjèèjì sílẹ̀. Iná kọ. Ojú là! Fọlárànmí fò sókè, ó sáré wo àwòrán náà, ayọ̀ rẹ̀ sì rọ lójú ẹsẹ̀. Ojú là lóòótọ́, ṣùgbọ́n gbogbo iṣan ọrùn ló ta, ẹ̀rẹ̀kẹ́ le bí òkúta. Ó jọ ìyá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ẹni tó jẹ ẹran inú ìkòkò.

Màmá dìde, ó tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́ lọ sẹ́nu ọ̀nà, ó jókòó sórí àpótí kékeré kan níbẹ̀ kó lè sinmi. Oòrùn rọra ń bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́. Ọmọ kékeré kan ń kọ́ ìrìn lójúde, màmá sì ń wò ó, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Fọlárànmí rí ojú náà. Ojú tí òun ń wá nìyẹn. Ó já kámẹ́rà kúrò lára iná, ó sáré bọ́ síta.

"Màmá, ẹ dúró bẹ́ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́!"

Màmá bojú wẹ̀yìn, ó rí kámẹ́rà, ó sì dijú.

"Màmá, kò sí iná lọ́tẹ̀ yìí. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín."

"Mo gbọ́, ọmọ mi. Ojú ni kò gbà."

Òótọ́ ló sọ. Láti ọjọ́ náà, ojú náà ò gbà mọ́. Oṣù mẹ́jọ ni Fọlárànmí fi ń lọ kí i, tó ń gbé kámẹ́rà pamọ́ sábẹ́ agbádá. Bí màmá bá ti rí i pé ó ki ọwọ́ bọ abẹ́ aṣọ, ì báà jẹ́ áńkáṣífù ló fẹ́ yọ, ojú á pa dé. Àwọn méjèèjì á wá rẹ́rìn-ín. Fọlárànmí á délé, á sì sunkún.

Nígbà tí màmá sùn, fọ́tò kan ṣoṣo ló wà tí ojú rẹ̀ là. Òun náà ni wọ́n sọ di ńlá, tí wọ́n gbé síwájú pósí. Àwọn tó wá kẹ́dùn á dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, wọ́n á dúró, wọ́n á tún aṣọ wọn ṣe. Ẹnì kan tilẹ̀ kúnlẹ̀, ó ní kí màmá má bínú, òun ò mọ ohun tí òun ṣe. Àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ kọ̀, wọn ò kọjá níwájú rẹ̀.

Ìbíyẹmí ló dúró ti ọkọ rẹ̀. Fọlárànmí ń wo ojú tó le koko náà, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, ó ní, "Ojú màmá kọ́ nìyí. Màmá ò rí báyìí lọ́jọ́ kan. Èmi ni mo sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀."

Ìbíyẹmí di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó rọra sọ ọ́ kí àwọn àlejò má bàa gbọ́, àmọ́ wọ́n gbọ́, wọ́n sì gbé e kúrò níbẹ̀ lọ sí gbogbo ilẹ̀ Yorùbá: "Bàbá Ìrètí, ohun tá a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tá a bá fagbára mú ní í le koko."