Alága I-No-Gree

Lọ́dún tí owó epo gbòde ní Warri, tí kò sí ohun tí wọ́n fi lọ èèyàn tí kò ní gbà, èmi Sàláhúdéènì, akọ̀wé lásán lọ́dọ̀ òyìnbó Amẹ́ríkà kan, ni mo gbọ́n jù. Ó kéré tán, mo rò bẹ́ẹ̀. Lọ́sàn-án Sọ́ńdè kan, mo ti ìpàdé ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá ní Deco Road dé pẹ̀lú ebi. Ìyàwó mi, Fọláwẹ̀mí, ti pa àkùkọ dè mí.

"Ẹ káàbọ̀, Bàbá Kúbúrátù. Àbí kí n máa pè yín ní Alága?"

"Má tíì pè mí ní nǹkan kan. Fún mi lómi."

"Wọn ò yàn yín? Ọdún mẹ́ta lẹ fi ń wá ipò yìí!"

"Ọkùnrin Amẹ́ríkà yẹn ló kó bá mi."

"Ọ̀gá yín?"

"Rárá o. Aṣòfin inú ìwé ìròyìn tí ọ̀gá mi jù nù. Láti ṣáájú ogun Hítílà, ọdún mẹ́rìnlélógún ló lò nílé aṣòfin wọn. Ìjọba fẹ́ náwó, ó ní rárá. Wọ́n fẹ́ ṣòfin tuntun, ó ní rárá. Gbogbo ìdìbò làwọn ará ìlú rẹ̀ ń dá a padà."

"Ẹ̀yin náà wá ń ṣe bíi tirẹ̀."

"Ẹgbẹ́ fẹ́ ra àga onítìmùtìmù, mo dìde, mo ní mi ò gbà: *I no gree!* Wọ́n fẹ́ ra fáànù: *I no gree!* A ń làágùn lórí bẹ́ǹṣì, iyì mi ń pọ̀ sí i."

"Mo mọ̀. Lọ́jà pàápàá, *Madam I-No-Gree* ni wọ́n ń pè mí. Kí ló wá ṣẹlẹ̀ lónìí?"

Mo nu ojú.

"Bàbá Zachariah, àgbà Ìlàjẹ yẹn, dìde. Ó ní, 'Mo dábàá kí Sàláhúdéènì jẹ́ alága wa.' Kó tó jókòó..."

"Ẹ má sọ pé ẹ sọ ọ́!"

"Ẹnu mi ló sọ ọ́, kì í ṣe èmi. *I no gree!*"

Fọláwẹ̀mí káwọ́ lérí, ó sì tún sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

"Ìyẹn ò tíì burú. Ta ló ń gba oyè lẹ́ẹ̀kan náà? Wọn á bẹ̀ yín, ẹ ó kọ̀. Wọn á tún bẹ̀ yín, ẹ ó wá gbà."

"Ohun tí èmi náà rò nìyẹn. Mo jókòó, mo ká agbádá mi sí èjìká, mo ń retí ẹ̀bẹ̀. Bàbá Zachariah ní, 'Ẹ fi í sílẹ̀. Ọkùnrin yìí kì í yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà. Ẹ jẹ́ ká bọ̀wọ̀ fún un.' Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi, wọ́n sì yan Olúbọ̀dé."

"Olúbọ̀dé tí kì í sọ pé rárá sí nǹkan kan?"

"Wọ́n ní ṣé ó gbà. Ó ní, *'I don gree since yesterday!'*"

"Ará Amẹ́ríkà yín yẹn, kò wá gba nǹkan kan rí ni?"

Mo wolẹ̀.

"Ẹ̀ẹ̀kan péré. Nígbà tí wọ́n fẹ́ kọ́ afárá sí ìlú tirẹ̀."

"Ẹ ka ibẹ̀ yẹn?"

"Mo kà á. Mo rò pé àṣìṣe àwọn onítẹ̀wé ni."

Ó gbé ẹ̀rín mì. Ó ṣí ìkòkò, òórùn àkùkọ náà sì ta sánsán.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, ó dùn mí. Ẹ jẹ́ kí n bu oúnjẹ yín wá."

Oúnjẹ yẹn wù mí dé ọkàn, Ọlọ́run ni ẹlẹ́rìí mi. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn ti mọ́ mi lẹ́nu.

"*I no gree!*"

Fọláwẹ̀mí rọra dé ìkòkò rẹ̀ pa, ó kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀.

"Kò burú, olówó orí mi. Ẹ kì í yí ọ̀rọ̀ padà. Mo bọ̀wọ̀ fún yín."

"Fọláwẹ̀mí! Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́: bẹ̀ mí!"